Inhaler Tó Ṣì Ń Fín Lè Má Lóògùn Nínú Mọ́

Ẹ bi ẹni tó ní ásímà pé ìgbà wo ló ṣí inhaler tó wà lápò rẹ̀. Ìdáhùn tí à ń gbọ́ nílé ìwòsàn kì í ju méjì lọ: "Kò tíì pẹ́" tàbí "Ó ṣì ń fín." Kí ó ṣì máa fín kọ́ ni ká mọ̀ pé oògùn wà níbẹ̀.

Gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú agolo ló ń ti oògùn jáde. Ìgbà 200 ni agolo kan salbutamol, oògùn inhaler tó ń ṣí èémí lójú ẹsẹ̀, sábà máa ń wà fún. Tí 200 bá pé, gáàsì lè ṣẹ́kù tí yóò máa ṣe ṣìì, ṣùgbọ́n oògùn tó ń bá a jáde kò ní pé mọ́. Ẹni tí èémí rẹ̀ há lóru yóò tẹ̀ ẹ́, yóò gbọ́ ariwo rẹ̀, yóò sì máa retí ìtura tí kò ní dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé jù ú sínú omi láti wò bóyá yóò léfòó. Irọ́ ni àyẹ̀wò yẹn, omi sì lè dí ẹnu rẹ̀. Mímì í létí náà kò sọ nǹkan kan. Bí nọ́ńbà bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dín kù, òun ni kí ẹ máa wò. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ máa fàlà sínú ìwé kan nígbàkígbà tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́.

Kíkà yìí náà ni yóò sọ bí ásímà yín ṣe wà. Bí agolo bá ń tán lóṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀meje lẹ ń tẹ̀ ẹ́ lójúmọ́. Apá kò ká ásímà yẹn rárá. Ẹni tó bá lo agolo 3 lọ́dún, ewu kí àìsàn náà dìde sí i ti pọ̀ sí i. Tó bá di 12, ewu ikú ló ń bá ṣeré. Síbẹ̀ àwọn kan ń yangàn pé àwọn ti kó o pamọ́ sílé.

Salbutamol ń tú iṣan tó fún ọ̀nà èémí pa, kò sì wo wíwú tó wà nínú ọ̀nà náà. Inhaler onísteroid, bíi budesonide tàbí beclometasone, ló ń wo ìyẹn. Kì í tuni lára lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á tì. Láti ọdún 2019 ni GINA, tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ásímà jáde fún gbogbo àgbáyé, ti ní kí ẹni ọdún 12 sókè má fi salbutamol nìkan tọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Bí ìtọ́jú tí wọ́n kọ fún yín bá ti pẹ́ jùyẹn lọ, ẹ padà lọ bá dókítà.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé inhaler ń di bárakú, pé kí ẹ jù ú nù kí ẹ wá ra oògùn tó ń wo ásímà sàn pátápátá lọ́wọ́ òun, ọjà ló ń tà. Kò tíì sí oògùn tó ń lé ásímà lọ títí láé. Steroid tí à ń fà sẹ́nu kéré púpọ̀ sí oníhóró. Ohun funfun tó máa ń hù sí ahọ́n àti ohùn tó ń há ni wàhálà rẹ̀ tó wọ́pọ̀; ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tu ú dànù.

Bí a ṣe ń fà á, nọ́ọ̀sì á ti fi hàn yín. Bí èémí bá há, ẹ jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ tẹ salbutamol lẹ́ẹ̀mẹrin sínú spacer (ike oníhò tí à ń fi sẹ́nu inhaler kí a tó fa oògùn), lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹrin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú 4, ẹ tún un ṣe, kí ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí ẹni tí èémí há náà kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìdánu dúró mí, tàbí ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró, ẹ má dúró ka ìṣẹ́jú kankan. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ máa fín in fún un lójú ọ̀nà.