Ọwọ́ Ọmọ Ni Ṣíbí Rẹ̀: Bí Ọmọ Oṣù Mẹ́fà Ṣe Ń Kọ́ Oúnjẹ Jíjẹ

Kí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú oúnjẹ jẹ dípò kí wọ́n máa fi ṣíbí bọ́ ọ: ariwo ló máa ń kọ́kọ́ dá ètò yìí rú. Wọ́n gbé ègé iṣu sísè síwájú ọmọ oṣù 6, ó kì í mọ́lẹ̀, ó tì í bọ ẹnu, ó ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Lójijì ojú rẹ̀ yọ, ahọ́n rẹ̀ jáde síta, ó ṣe "ọ̀áà!", omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kí iṣu tó jábọ́ sílẹ̀, màmá àgbà ti fi igbe ta: "Yéè, ó ti há a lọ́fun!" Ẹnì kan ti ki ìka bọ ọmọ lẹ́nu, ẹlòmíràn ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lágbárí. Láti ọjọ́ náà lọ, ògì ṣíṣàn ni ọmọ ọ̀hún yóò máa mu títí tí yóò fi máa rìn. Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó há a lọ́fun. Èébì ló gbé e.

Kí èébì gbé ọmọ yàtọ̀ pátápátá sí kí oúnjẹ há a lọ́fun. Ti àkọ́kọ́ dà bí oníbodè tó dá àlejò tí kò mọ̀ rí padà. Ti ìkejì ni àlejò tó ti ré bodè kọjá, tó ṣìnà, tó wá lọ dábùú ọ̀nà èémí. Ẹni tó bá ń sọ pé méjèèjì jọra ń fi ẹ̀sùn olè kan ọlọ́dẹ tó ń fọn fèrè.

Ibi tí oníbodè yìí ń jókòó sí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹnu àgbàlagbà, ìdí ahọ́n lọ́hùn-ún ló wà, nítòsí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá ti fi ìka wá èébì rí mọ ilé rẹ̀. Ti ọmọ oṣù 6 kò sí níbẹ̀. Tirẹ̀ ti jáde wá síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àárín ahọ́n. Oúnjẹ ṣì jìnnà sí ọ̀nà èémí tí oníbodè fi ti pariwo, tó sì ti tì í padà sẹ́nu. Bí ọmọ ṣe ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n gbé oúnjẹ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni oníbodè ń kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa tó bí oṣù 9, ó ti ń sún mọ́ ibùdó àgbà rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rèé: ìgbà tí ọmọ kò tíì mọ oúnjẹ jẹ rárá gan-an ni bodè jìnnà sí ìlú jù lọ. Ó lè ṣàṣìṣe lógún ìgbà lórí ègé ọ̀dùnkún kan, kò sì ní ná an ju omijé lọ. Ẹni tó bá fi ògì dídán nìkan bọ́ ọmọ títí di oṣù 10 kò dáàbò bò ó. Ńṣe ló jẹ́ kí oníbodè ṣí lọ sẹ́yìn kí ọmọ tó kọ́ iṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lágbègbè Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ láti inú oyún, fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò bá oúnjẹ tó ní kókó pàdé kí wọ́n tó kọjá oṣù 9 sí 10 ló ń fa wàhálà lórí oúnjẹ jù nígbà tí wọ́n dàgbà sí i.

Nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó tako èyí jù lọ ni rírọ. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, ìyá á ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bí igbá kékeré, á da ògì sínú rẹ̀, á sì dí imú ọmọ. Ọmọ fẹ́ mí. Kó tó lè mí, ó ní láti gbé ohun tó wà lẹ́nu mì. Fàyàwọ́ ni. Ẹrù wọlé, oníbodè kò rí i, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá mí sínú láàárín ẹkún, ẹ̀dọ̀fóró ni ògì ń lọ, ikọ́ àti ibà á sì tẹ̀ lé e. Ó yani lẹ́nu pé ògì tí wọ́n ń rọ yìí ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ tí kò léwu, tí iṣu tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú sì di ohun ẹ̀rù. Àwa tí a ń fọwọ́ jẹ òkèlè ní ojoojúmọ́ la tún ń bẹ̀rù ọwọ́ ọmọ.

Àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kò gba ariwo. Kí ọmọ tó oṣù 6, kó lè jókòó pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ dúró, kó lè mú nǹkan kó sì gbé e dé ẹnu, kí ahọ́n rẹ̀ sì ti jáwọ́ nínú títi gbogbo ohun tó bá kàn án síta. Ọmú nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ máa mu fún oṣù 6, kí ọmú sì máa bá oúnjẹ rìn títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé iṣu síwájú rẹ̀.

Ìjókòó ṣe pàtàkì ju àwo lọ. Ẹ̀yìn ọmọ gbọ́dọ̀ nàró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí nǹkan tẹ̀. A kì í fún ọmọ lóúnjẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá sùn sílẹ̀, tó wà lẹ́yìn ìyá, tàbí tí ọkọ̀ ń sáré. Kó mu ọmú ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, torí ebi kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ọwọ́ ẹni náà má sì wọ ẹnu ọmọ. Ìka tí àgbà bá ti oúnjẹ bọ inú lọ ti fò ó kọjá bodè.

Ó wá kan ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé oúnjẹ. Ọmọ oṣù 6 kò lè fi ọmọ-ìka méjì mú nǹkan. Ìkúùkù ló fi ń mú, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkúùkù nígbà tí èèyàn bá fẹ́. Ohun tó bá wà nínú ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó yọ síta nìkan ló máa jẹ. Nítorí náà, ègé gígùn ló yẹ, tó tó ìka àgbàlagbà, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 6. Tí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́ pé ọmọ ṣì kéré, ọmọ kò ní rí nǹkan mú, á máa sunkún, wọ́n á sì ní kò fẹ́ràn oúnjẹ. Rírọ̀ oúnjẹ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là bá tẹ̀ ẹ́ wọlé láìlo agbára, ó ti rọ̀ tó, torí pé èrìgì ló máa rún un, kì í ṣe eyín. Iṣu sísè, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dáadáa tí wọ́n sè, kárọ́ọ̀tì sísè, gbogbo wọn yege. Kárọ́ọ̀tì tútù àti ápù tútù kò yege. Píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, kí wọ́n bó o dé ìdajì, kí èèpo tó kù sì di ibi ìdìmú.

Èyí tó bá ètò yìí mu jù nínú oúnjẹ wa ni mọ́ínmọ́ín, bí ẹni pé torí ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe mọ́ínmọ́ín inú ìkòkò àgbà. Kí ẹ̀wà lílọ̀ rẹ̀ ki, kó máa já bọ́ láti ojú ṣíbí dípò kó máa ṣàn, torí èyí tí omi rẹ̀ bá pọ̀ á rún mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ata rodo kò sí níbẹ̀, magí kò sí níbẹ̀. Àpapọ̀ iyọ̀ tí ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gbà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò ju gíráàmù 1 lójúmọ́, iyọ̀ sì ni èròjà tó pọ̀ jù lọ nínú kóró magí. Kí wọ́n lọ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti sè tàbí pupa ẹyin mọ́ ọn, kí wọ́n pọ́n ọn sínú ewé eéran, kó jinná, kó tutù títí tó fi dì. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó gé e gígùn gígùn. Tó bá ṣì gbóná, kò ní dúró.

Ẹ̀dọ̀ tó wà nínú rẹ̀ yẹn kì í ṣe fún adùn, torí pé ibẹ̀ ni àbùkù ètò yìí fara pamọ́ sí. Èròjà irin, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní áyọ́nù, tí ọmọ gbé wá láti inú oyún máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 6, èyí tó sì wà nínú ọmú kéré gan-an. Ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọmọ oṣù 7 sí 12 máa rí mílígíráàmù 11 lójúmọ́. Mílígíráàmù 8 ni ti bàbá rẹ̀! Ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ìbẹ́pẹ àti ọ̀dùnkún láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ń gbádùn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ. Kí nǹkan kan tó ní irin wà nínú oúnjẹ ní gbogbo ìgbà: ẹ̀wà, ẹran tó rọ̀ tí wọ́n gé gígùn, ẹja tí wọ́n ti fi ìka yọ gbogbo egungun rẹ̀, tàbí ẹ̀dọ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ nítorí fítámì A inú rẹ̀. Ìbẹ́pẹ tàbí ọsàn tó bá bá ẹ̀wà wọlé máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà náà.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ di ẹ̀sìn pé ṣíbí kò gbọ́dọ̀ yọjú. Gill Rapley, agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ìlú ọba tó sọ ọ̀nà yìí di ohun tí aráyé mọ̀ lẹ́yìn ọdún 2000, ló gbé e kalẹ̀ ní ìlú tí oúnjẹ ọmọ ti máa ń wá nínú ìgò, ní lílọ̀ kúnná. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Ògì tó ki, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹyin sí, tí wọ́n fi ṣíbí bu fún ọmọ tó jókòó, tó sì fúnra rẹ̀ la ẹnu, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ògì ṣíṣàn ni ìṣòro: ikùn ọmọ kò gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 30 lọ fún kílò kan ara rẹ̀, omi ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nǹkan bíi kálórì 200 ló nílò láti inú oúnjẹ lójúmọ́ láàárín oṣù 6 sí 8. Ọmú ló ń gbé ìyókù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni tí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ bá parí sí orí ẹní, tàbí tí kárọ́ọ̀tì bá jáde nínú ìgbẹ́ bó ṣe wọlé.

Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Otago ní New Zealand gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí ọmọ bíi 206 jáde. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá kan bí ọmọ ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun àti irú oúnjẹ tó léwu; àwọn yòókù ń bá ìṣe wọn lọ. Iye ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun kò yàtọ̀. Ní oṣù 6, èébì gbé àwọn tó ń fọwọ́ jẹun ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní oṣù 8, tiwọn ló kéré. Oníbodè ti ń dá àwọn àlejò mọ̀. Àmọ́ wọ́n tún rí i pé ní ìpín méjèèjì, ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń gbé ohun tó léwu síwájú ọmọ.

Tó bá wá há ní tòótọ́ ńkọ́? Ìdákẹ́jẹ́ ni àmì rẹ̀. Ọmọ tó ń wúkọ́, tó ń sunkún, tó ń ṣe "ọ̀áà" ń mí. Kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa wò ó. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ tí ohùn kò jáde ni kí wọ́n sáré sí. Wọ́n máa ń sọ pé ojú á pọ́n tàbí á dúdú, àmọ́ lára aláwọ̀ dúdú, inú ètè, èrìgì àti èékánná ni kí wọ́n wò. Kí wọ́n dojú ọmọ dé orí apá, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí kò bá jáde, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀, nísàlẹ̀ orí ọmú díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn sì ti máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Fífẹ́ atẹ́gùn sí àtàrí kò dé ibi tí nǹkan há sí. Omi kò gbọdọ̀ wọlé. Ìka tí wọ́n bá fi wá ohun tí ojú kò rí ló ń tì í wọlé sí i.

Ní nǹkan bí oṣù 9, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ṣa kóró ẹ̀wà sísè lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ka owó. Ìgbà yẹn ni gígé oúnjẹ yí padà: ègé kéékèèké, rírọ̀, ló kàn. Ọwọ́ ti já fáfá, oníbodè sì ti sún mọ́lé, torí náà ohun tó rí róbótó tó sì le ló wá léwu jù: gúgúrú, súìtì, kóró àgbálùmọ̀, ẹ̀pà odidi. Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde lọ́dún 2015, lórí ọmọ 640 tó ṣeé ṣe kí ara wọn kọ ẹ̀pà, fi hàn pé àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láàárín oṣù 4 sí 11 ni ara wọn kò kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Kí ìyá tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àléfọ́ ti ń yọ lára rẹ̀ gan-an, kọ́kọ́ bi dókítà. Fún àwọn yòókù, ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi gbígbóná pò títí tó fi ṣàn lè wọ ògì láti oṣù 6. Ẹ̀pà odidi ṣì ń dúró de ọdún 5.