Irin Wo Ló Wọ Orí?

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa yọ ọ́?" Ìbéèrè tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi nìyẹn bí irin bá wọ èèyàn wọn lọ́pọlọ. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni: irú irin wo ni?

Àwọn tó ń ra irin àlòkù l'Òṣogbo kì í fi èyí ṣeré. Òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń gbé lé e. Bó bá lẹ̀ típẹ́, irin ni, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Bí kò bá lẹ̀, ó lè jẹ́ bàbà tàbí òjé, wọ́n á wọ̀n ọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn, àmọ́ inú agbárí ni ti tiẹ̀ wà.

CT scan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà. Ìtànṣán X-ray ló ń lò, kò ní òòfà nínú, ó sì yá. Á fi ẹ̀jẹ̀ tó dà hàn, á fi egungun tó fọ́ wọlé hàn, á fi ibi tí irin jókòó sí hàn. Kò ní sọ irú irin tó jẹ́. Ẹni tó bá ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lójú iná á ti rí i: funfun báláú, ó ń ta yànràn bí ìràwọ̀, débi pé ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò hàn dáadáa. Òjé funfun, bàbà funfun, irin funfun.

Ìrísí ló kù tí wọ́n lè kà. Òjé rọ̀, bó bá kọ lu egungun, á pẹlẹbẹ, á sì máa já wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà bíi gàrí tó ń jò nínú àpò. Irin líle kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Òjé ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ọta tó ti ilé iṣẹ́ wá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni wọ́n ń ki bọ̀ ọ́: gígé irin, ìṣó, bọ́ọ̀lù inú bẹ́árìn. Irin tí òòfà lè fà ló yẹ kí a kà á sí títí wọn yóò fi mọ̀.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, ló fà á. Owó gọbọi tó ń gbà kò sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n CT. Òòfà rẹ̀ kì í sùn. Bí wọn ò tilẹ̀ ya ẹnikẹ́ni, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó jẹ́ 1.5 Tesla (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà) fi ìlọ́po tó ju 20,000 lọ lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì. Irin tó ti jókòó jẹ́ẹ́ lè yí níbẹ̀, kó gé iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ní ti yíyọ tí ẹbí ń bèèrè, àwọn dókítà náà ti rò ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Harvey Cushing, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ń fi ìṣó tó so mọ́ òòfà fa irin jáde lójú ihò tó gbà wọlé. Ìrírí àwọn ogun tó tẹ̀ lé e ló yí èrò padà. Kí ọ̀bẹ tó dé ibi irin kékeré tó jìn, ọpọlọ tó ṣì dá ṣáká ló máa là kọjá. Nítorí náà, wọ́n á fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n á mú èyí tó wà nítòsí, wọ́n á dí awọ tó bo ọpọlọ kí omi inú rẹ̀ má máa jò, torí jíjò yẹn ń fa àrùn ju irin tó kù lọ. Oògùn apakòkòrò, abẹ́rẹ́ ipá, àti oògùn tí kò ní jẹ́ kí gìrì mú un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ á tẹ̀ lé e. Bí irin bá ń rìn, tó ń di ọyún, tàbí tó dí ọ̀nà omi, wọ́n á wá lọ bá a. Bí irin bá ṣì yọ síta lójú ọgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fà á nílé. Ó lè jẹ́ òun ló dí iṣan tó ti já.

Ibi tí ètò yìí ti mẹ́hẹ, tó sì ń dun èèyàn, ni ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ń ro ọdẹ tí irin ṣì wà nínú agbárí rẹ̀, wọ́n ní kó lọ ṣe MRI ní ìlú mìíràn. Ohun tó dúró láàárín òun àti òòfà ni ìbéèrè ẹyọ kan lórí fọ́ọ̀mù: ṣé irin kankan wà lára rẹ? Kí fíìmù CT àkọ́kọ́ wà nílé, kí ọmọ rẹ̀ mọ ibi tó wà, kó sì mú un dání lọ́jọ́ náà.