Béèlì olówó: ìdógò tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ń gbà

Ẹni tí ó bá fi nǹkan dógò ti fi ohun tí ó ṣe iyebíye sílẹ̀ títí yóò fi mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ. Irú ìdógò bẹ́ẹ̀ gan-an ni béèlì olówó ní Amẹ́ríkà. Adájọ́ yóò dá iye kan lé afurasí. Bí ó bá san án, yóò máa ti ilé wá jẹ́jọ́, bí kò bá sì pa ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kankan jẹ, ó yẹ kí ó rí owó rẹ̀ gbà padà, ìbáà jàre, ìbáà jẹ̀bi. Nítorí náà, béèlì kì í ṣe owó ìtanràn.

Àtúnṣe Kẹjọ sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tí ó ti wà láti ọdún 1791, sọ pé béèlì kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀, lè tọ oníṣòwò béèlì lọ. Onítọ̀hún yóò dúró fún un, yóò sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà, èyí tí kì í dá padà, kódà bí oníbàárà rẹ̀ bá jàre. (Onídùúró tiwa ní Nàìjíríà sábà máa ń jẹ́ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀; òwò ni tiwọn.)

Ẹni tí kò rí èyí náà san ni àtìmọ́lé ń dúró dè. Ní ọdún 2010, wọ́n fẹ̀sùn kan Kalief Browder, ọmọ ọdún 16 ní New York, pé ó jí báàgì. Béèlì rẹ̀ jẹ́ 3,000 dọ́là. Kí ẹbí rẹ̀ tó rí i kó jọ, adájọ́ fagi lé béèlì náà, nítorí pé ọmọ náà ti wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn mìíràn tẹ́lẹ̀. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní Rikers Island, ọgbà ẹ̀wọ̀n New York, láìsí ìgbẹ́jọ́, kí wọ́n tó wọ́gi lé ẹ̀sùn náà ní 2013.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Illinois di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó pa béèlì olówó rẹ́ pátápátá. Kì í ṣe pé gbogbo afurasí ibẹ̀ ló ń lọ sílé o: agbẹjọ́rò ìjọba lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ńlá kàn dúró, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé onítọ̀hún léwu tàbí pé ó lè sá lọ.