Ọkọ̀ yín ni, ẹlòmíràn ló wà á: ta ni yóò sanwó ìjàm̀bá?

Èrò méjì ló gbòde l'Ékòó nípa ọ̀rọ̀ yìí, méjèèjì ló sì ń kó àwọn ọlọ́kọ̀ sí wàhálà. Àwọn kan gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé ọkọ̀ ni yóò san gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́, ẹni yòówù kó wà á. Àwọn mìíràn ní ẹni tó wà nídìí sítíárìn ni kó lọ fojú winá ohun tó ṣe, pé kò kan ẹni tó ni ọkọ̀ rárá. Òfin kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí ìjàm̀bá yẹn ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ta ni awakọ̀ náà ń jẹ́?

Vicarious liability ni àwọn lọ́yà ń pe ìlànà yìí. Ènìyàn lè jẹ gbèsè àìṣọ́ra tí kì í ṣe ọwọ́ òun ló ti wá, bí ẹni tó hu ìwà náà bá ń ṣiṣẹ́ fún un tàbí tó ń ṣojú fún un. Inú ìdájọ́ àwọn kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà náà ti wá, àwọn kóòtù Nàìjíríà sì ń lò ó títí dé Kóòtù Tó Ga Jù Lọ. Ohun kan wà tó ṣáájú rẹ̀ o: ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé awakọ̀ náà jẹ̀bi. Bí awakọ̀ kò bá jẹ̀bi, kò sí gbèsè tí ọlọ́kọ̀ yóò bá a rù.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta ankara l'Ébùúté Mẹ́ta. Ó ní Sienna kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rán Kúnlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó gbé ọkọ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà kó lọ bá òun kó ìdì aṣọ wá. Bí Kúnlé ṣe ń bọ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Carter sí ọ̀nà Ìddó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n fóònù ló ń wò. Ó fi imú Sienna wọ ìdí Corolla tó wà níwájú rẹ̀. Bọ́ńpà Corolla já bọ́, búùtù rẹ̀ wọnú débi pé kò ṣeé ṣí mọ́, ọrùn obìnrin tó jókòó sẹ́yìn sì rọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò san owó oṣù fún Kúnlé rí, kò sì sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, bí oní-Corolla bá pè é lẹ́jọ́, gbèsè náà kàn án. Aṣọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, òun ló rán Kúnlé, ìrìnàjò náà sì jẹ́ ti ọjà rẹ̀. Kò dìgbà tí awakọ̀ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí à ń sanwó fún. Ẹni tí a rán lọ́fẹ̀ẹ́ náà ń ṣojú ẹni tó rán an.

Wàyí o, ká sọ pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Kúnlé wá bẹ àǹtí rẹ̀ pé kó yá òun lọ́kọ̀, òun fẹ́ lọ ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ òun ní Adéníran Ògúnsànyà ní Súrùlérè. Ìyá Bọ́sẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó kọ lu ọkọ̀ ẹlòmíràn lábẹ́ afárá Òjúẹlẹ́gbà. Ọkọ̀ yẹn náà ni, awakọ̀ yẹn náà ni, ọlọ́kọ̀ sì yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti èyí, ẹjọ́ Kúnlé nìkan ni. Pé a yá ènìyàn lọ́kọ̀ kó fi lọ ṣe fàájì ara rẹ̀ kò tó láti gbé gbèsè rẹ̀ ka ẹni tó yá a lórí.

Ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí lórí èyí ni Morgans àti Launchbury, tí kóòtù tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1972. Ìyàwó ló ni ọkọ̀, baálé rẹ̀ sì máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Baálé yìí ti ṣèlérí fún un pé bí òun bá mutí, òun á ní kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ náà. Ó mutí lóòótọ́, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì kú, àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ fara pa, wọ́n wá pe ìyàwó lẹ́jọ́ nítorí pé òun ló ni ọkọ̀. Kóòtù ní kò jẹ gbèsè kankan, torí kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tó ti máa ń lọ́jú pọ̀ ni ibi tí fàájì àti iṣẹ́ bá ti wọnú ara wọn. Bí Ìyá Bọ́sẹ̀ bá sọ fún Kúnlé pé, “Tí o bá ń bọ̀, yà gbé Màmá ní Yábàá,” ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Láti ìgbà tí Kúnlé bá ti forí lé Yábàá, iṣẹ́ àǹtí rẹ̀ ti wà nínú ìrìn náà. Kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ láti 1953, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun wa ọkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Monte Carlo: bí apá kan ìrìnàjò náà bá jẹ́ ti ọlọ́kọ̀, ó tó, bí awakọ̀ tilẹ̀ ní fàájì tirẹ̀ níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ní ẹbí lókè òkun ṣọ́ra níbí. Ní ìpínlẹ̀ New York, ìwé òfin wọn sọ pé ọlọ́kọ̀ tó yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn yóò bá a jẹ gbèsè àìṣọ́ra rẹ̀, ì báà jẹ́ fàájì ló bá lọ. Òdodo ni ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n òfin ibùgbé tirẹ̀ ló ń sọ. Ẹ má fi dá ara yín lẹ́jọ́ ní Mushin.

Ohun tó máa ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tí kò jẹ̀bi ni dídákẹ́. Bí olùpẹjọ́ bá ti fi hàn pé ọkọ̀ yín ni, kóòtù lè gbà fún ìgbà náà pé ẹ̀yin lẹ rán ẹni tó wà á. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kàn ní “èmi kọ́ ni mo wà á” kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ sọ ibi tó ń lọ, ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, àti bí ọkọ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. WhatsApp tí Kúnlé fi ránṣẹ́, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní mọ́tò, mo fẹ́ lọ síbi ọjọ́ ìbí Túnjí,” jẹ́ ẹ̀rí gidi. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fàyè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, bí lọ́yà bá ṣe ìwé tó yẹ kó bá a rìn. Torí náà, ẹ má pa á rẹ́.

Ní ti dírẹ́bà tí à ń san owó oṣù fún, ọwọ́ òfin le sí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí dírẹ́bà ilé iṣẹ́ bá ń gbé ẹrù láti Ìkẹjà lọ sí Àpápá, tó yà díẹ̀ lójú ọ̀nà lọ ra oúnjẹ, ilé iṣẹ́ kò tíì bọ́ níbẹ̀. Bó bá pa iṣẹ́ náà tì pátápátá, tó gba Badagry lọ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ìrìn ara rẹ̀ ló ń rìn yẹn. Láàárín méjèèjì, adájọ́ ni yóò wò ó bí yíyà tó yà náà ṣe jìnnà tó sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló rò pé “mo ti kìlọ̀ fún un” yóò gba àwọn. Ní 1862, nígbà tó jẹ́ ẹṣin ló ń fa bọ́ọ̀sì ní London, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan fún awakọ̀ rẹ̀ ní ìwé tó kà á léèwọ̀ fún un pé kó má sá eré pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àwọn ẹlòmíràn, kó má sì dí wọn lọ́nà. Ó dí bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn lọ́nà nítorí èrò, ìyẹn sì dojú dé. Ilé iṣẹ́ náà ló jẹ gbèsè, torí pé iṣẹ́ èrò kíkó tí wọ́n gbà á fún ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n kà léèwọ̀ ló gbà ṣe é. Ẹni tó bá ti rí dánfó méjì tó ń lé ara wọn dé bọ́sítọ́ọ̀bù ní Òṣòdì mọ̀ pé ẹjọ́ yìí kò tíì gbó.

Dánfó gan-an ló sì mú mi kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló gbé bọ́ọ̀sì fún dírẹ́bà pé kó máa mú iye kan wá lálaalẹ́, tí wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àwọn tó fi ọkọ̀ síta fún Bolt àti Uber náà ń sọ bákan náà. Kóòtù kò ní wo orúkọ tí wọ́n pe àdéhùn náà. Yóò wo ẹni tó lè dá dírẹ́bà dúró, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹni tó ń sọ ọ̀nà tí yóò máa ná, àti ẹni tí owó ń wọ àpò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ta ọkọ̀ náà fún un kó máa san án díẹ̀díẹ̀, tó sì ń lò ó bí tirẹ̀, okùn tó so yín pọ̀ fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí dà? Bí kò bá sí, ẹnu lásán ni ẹ máa gbé lọ síwájú adájọ́.

Èmi gbà pé òfin tọ̀nà níbí. Èrò tó sanwó ọkọ̀ láti Ọbáléndé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò mọ dírẹ́bà. Kọndọ́ ti sá lọ, dírẹ́bà kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó bọ́ọ̀sì náà ní alaalẹ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó kán. Bó bá san án tán, òfin fún un láyè láti lọ béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà rẹ̀.

Gbèsè mìíràn wà tó jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé bíréèkì kò múlẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì gbé ọkọ̀ síta, àìṣọ́ra yín nìyẹn. Bí ẹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ tí kò ní láísẹ́ǹsì, tàbí ẹni tí ẹ rí i pé ó ti mu ọtí, kóòtù lè dá yín lẹ́bi ohun tí ẹ ṣe gan-an, ì báà ṣe fàájì ló bá lọ.

Bí olè bá jí ọkọ̀ lọ, tó fi gbá ènìyàn, gbèsè olè ni. Mẹkáníìkì tó gbé ọkọ̀ yín jáde láti dán an wò, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe. Òun ni yóò dáhùn fún àìṣọ́ra rẹ̀, yóò sì dáhùn fún yín nípa ọkọ̀ yín tó bàjẹ́. Àwọn tó ń fọ mọ́tò náà kò yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá wá ń kọ́? Owó gbà-má-bínú ni a ti ń sọ bọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ìwàkuwà ọkọ̀ jẹ́ ti ẹni tó wà á. Bí dírẹ́bà bá sá, tí wọ́n sì ní kí ọlọ́kọ̀ wá jókòó sẹ́yìn káńtà títí a ó fi rí i, òfin kò fàyè gba ìyẹn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn dípò afurasí, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá yẹn kan náà ní a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀ náà àti ibi tó ń gbé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bo dírẹ́bà mọ́lẹ̀ ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìnṣọ́ránsì ni yóò gbé púpọ̀ nínú ẹrù yìí bí ó bá jẹ́ ojúlówó. Láti òfin 1945 ni ìnṣọ́ránsì third party ti di dandan fún ikú àti ìfarapa ẹlòmíràn. Òfin 2003 wá fi ohun ìní kún un. Láti oṣù kìíní 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, sọ owó rẹ̀ di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ara ẹni, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò sì san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún ohun ìní tó bàjẹ́. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, àpò yín ni. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ rí àwọn tó gbà láyè láti wa ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ní sanwó bí ẹni tó wà á kò bá ní láísẹ́ǹsì. Ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wò ó lórí askniid.org, torí ayédèrú ìwé pọ̀ nígboro, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi lọ́jọ́ ìjàm̀bá.

Ó ku ọkọ̀ tí ẹ ti tà, tí orúkọ yín ṣì wà lórí ìwé rẹ̀. Lójú òfin, kì í ṣe tiyín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rà á bá gbá ènìyàn ní Ìkòròdú Road tó sì sá, ilé yín ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ dé, orúkọ yín náà ni olùpẹjọ́ yóò kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba owó náà, ẹ kọ rìsíìtì tó ní déètì àti aago nínú, kí ẹni tó rà á fọwọ́ sí i, kí ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jọ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ìpínlẹ̀ láti yí orúkọ padà kó tó gbé e kúrò.