Larcos kì í ṣe àṣìkọ o: ẹ yé sọ pé àwọn ará Japan ò mọ orúkọ kọ

Ẹni tó bá ti gbá Pro Evolution àtijọ́ rí, géèmù bọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ Konami ti Japan ṣe, èyí tí gbogbo wa kàn ń pè ní Winning Eleven, ó mọ Roberto Larcos. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀, eré tó máa sá láti ẹ̀yìn dé iwájú, frikíìkì tó ń fọ́ ọwọ́ gólì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ta ni. Roberto Carlos ti Brazil ni. Bí orúkọ ẹ̀ ṣe di Larcos ló kù. Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di pádì mú, àlàyé méjì ló wà nílẹ̀: ọ̀gá tó ń gbowó lọ́wọ́ wa ní CD ayédèrú ló fà á, àwọn bọ̀ọ̀dá tó ti wọ yunifásítì ní rárá o, àwọn ará Japan ò lè ya "l" àti "r" sọ́tọ̀ ni, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Títí dòní mo ṣì ń gbọ́ èkejì yìí lẹ́nu àwọn tó ti bímọ.

Ti ayédèrú ò le. Lóòótọ́ CD tiwa nígbà yẹn, ká má tan ara wa, kò rí ojúlówó sójú. Ṣùgbọ́n èyí tí Konami fúnra ẹ̀ tà ní Yúróòpù, Larcos náà ló wà nínú ẹ̀.

Ti "l" àti "r" ló dùn létí jù torí òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, èdè Japan ò ya ìró méjèèjì yẹn sọ́tọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ ahọ́n ló yí i, "Karurosu" ni à bá rí, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún nìyẹn. Larcos ńkọ́? Ẹ mú C iwájú Carlos, ẹ gbé e sáàárín, kẹ́ ẹ wá gbé L àárín wá síwájú, ó parí. Ahọ́n kì í ṣe irú ẹ̀. Ará Ìbàdàn tó ń pe ṣọ́ọ̀ṣì ní sọ́ọ̀sì, ibi tó bá ti bá "ṣ" pàdé náà ló máa ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè bá a kó máa gbé lẹ́tà iwájú lọ sáàárín. Ẹni tó jókòó, tó mọ nǹkan tó ń ṣe, ló ṣe ti Larcos.

Kí ló wá dé? Owó ni jàre. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù ní ẹni tó ni ín, tó o bá fẹ́ fi sínú ọjà wàá gbàṣẹ, ti ọ̀pọ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ FIFPro, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé. Winning Eleven àkọ́kọ́ tí Konami ṣe fún PS1 ní 1995, J.League, líìgì Japan, ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gbàṣẹ, orúkọ àwọn kílọ́ọ̀bù sì pé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé òkè òkun tí wọ́n sọ ọ́ ní Goal Storm, kílọ́ọ̀bù pòórá, ó ku orílẹ̀-èdè nìkan. Ilé iṣẹ́ kan náà ni o.

Ẹ tún wo FIFA International Soccer tó jáde ní 1993. Canada ni wọ́n ti ṣe é, Òyìnbó pọ́ńbélé, orúkọ FIFA fúnra ẹ̀ wà lára páálí, síbẹ̀ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú ẹ̀, àròsọ ni, torí FIFA kọ́ ló ni orúkọ àwọn yẹn. Ó di FIFA 96 kí wọ́n tó rí ti gidi lò. Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé àwọn ará Canada ò mọ orúkọ kọ.

Konami tún ní géèmù bọ́ọ̀lù mìíràn lórí ẹ̀rọ Super Nintendo, International Superstar Soccer, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Japan ní 1994. Allejo ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún Brazil níbẹ̀, nọ́ḿbà 7. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Brazil rí, àmọ́ àwọn ọmọ Brazil tó gbá géèmù yẹn fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ ní Bebeto ni, torí òun ló wọ 7 ní Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù 1994. Ìyẹn ò tiẹ̀ jọ orúkọ ẹnì kankan, wọ́n kàn hun ún ni.

Nígbà tó yá tí Konami bá FIFPro ṣe àdéhùn, orúkọ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tọ́, kílọ́ọ̀bù ni ò tọ́: Chelsea di London FC, Liverpool di Merseyside Red. Ìgbà kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Netherlands lódindi ń jẹ́ Oranges, kálukú pẹ̀lú nọ́ḿbà tiẹ̀, ṣé ahọ́n ló ṣe ìyẹn náà ni?

Wọ́n kúkú fi ibi téèyàn ti lè tún un ṣe sílẹ̀. Mo fi odindi họlidé kan tẹ orúkọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, mo tọ́jú ẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Àbúrò mi ló pa á rẹ́, ó ní òun fẹ́ fi géèmù mọ́tò sí i. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Oranges ló tò síwájú mi.