Bí Remmina ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn wá síwájú ẹni

Ká ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan wà ní Ìkẹjà, Windows ló wà lórí rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà. Ẹni tó ń ṣe ìwé náà wà nílé ní Ìbàdàn, laptop Ubuntu (ọ̀kan lára oríṣi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows) ló gbé sórí itan. Kò sídìí tó fi yẹ kó wọkọ̀ torí ìyẹn. Ètò kan tí yóò gbé ojú kọ̀ǹpútà Ìkẹjà wá bá a ló nílò, Remmina sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń lo Linux ló sì mọ̀ ọ́n jù.

Kó tó kan bọ́tìnnì títẹ̀, ó yẹ kí ohun kan yéni: ìwé owó oṣù yẹn kò kúrò ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ló ti ń ṣí, ibẹ̀ náà ni ìṣirò ti ń wáyé. Àwòrán ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ló ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí ìka bá tẹ̀ àti ibi tí máòsì bá rìn dé ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí laptop tó ti gbó fi lè darí kọ̀ǹpútà alágbára. Bí iná bá sì lọ n'Íbàdàn tí bátìrì kú, iṣẹ́ ò tíì bàjẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ Ìkẹjà bá ṣì wà ní títàn, ìwé náà ṣì wà ní ṣíṣí lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n bá a dé ni wọ́n á ti máa bá a lọ.

Èdè méjì tí Remmina fi ń bá kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ jù ni RDP àti VNC. RDP jẹ́ ti Microsoft, pọ́ọ̀tù 3389, ìyẹn ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà lára ẹ̀rọ, ló ń gbà wọlé. VNC wá láti ilé ìwádìí kan ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1990 sí 1999. Pọ́ọ̀tù 5900 ni tiẹ̀. Bí wọ́n bá fi RDP wọ Windows, ojú ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì á ti ara rẹ̀ pa, ẹni tó ń kọjá kò ní í rí owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ní ti VNC, ohun kan náà ni ẹni ilé àti ẹni oko jọ ń wò, òun ló sì dára bó bá jẹ́ pé ńṣe lèèyàn fẹ́ kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́.

Láti gbé e sórí Ubuntu, ìlà kan tí wọ́n á tẹ̀ sínú Terminal tó:

sudo apt install remmina remmina-plugin-rdp remmina-plugin-vnc

Kí wọ́n má fo plugin o, àwọn ni àfikún tó ń jẹ́ kí Remmina gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan. Láìsí èyí tó jẹ́ ti RDP, èèyàn á wá RDP títí, kò ní í rí i.

Ọ̀dọ̀ Windows ni wàhálà sábà máa ń wà. Inú Settings, lábẹ́ System, ni wọ́n ti ń tan Remote Desktop. Windows Home kò gba àlejò báyìí, Pro ló ń gbà á. PIN táwọn èèyàn fi ń wọlé láràárọ̀ kò ṣiṣẹ́ níbí, password àkáǹtì gan-an ló ń béèrè. Àkáǹtì tí kò sì ní password rárá, Windows kò ní í jẹ́ kó wọlé láti òkèèrè. Kí wọ́n tún rí i pé ẹ̀rọ náà kì í sùn, torí ẹ̀rọ tó bá ti sùn kò lè dáhùn.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tẹ àmì + nínú Remmina, wọ́n á yan RDP, wọ́n á kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà, orúkọ àti password, wọ́n á wá tẹ Save and Connect. Nígbà àkọ́kọ́, Remmina á gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan jáde, tó dà bí ìtẹ̀ka ẹ̀rọ náà, á sì béèrè bóyá wọ́n gbà á. Bí ìtẹ̀ka yìí bá yí padà lọ́jọ́ kan láìnídìí, kí wọ́n dúró ná, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ mìíràn ló ń dáhùn.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, kí wọ́n dín Colour depth kù, kí wọ́n sì yan Poor níbi Quality. Àwòrán á ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n máòsì á yá, dátà náà á sì pẹ́ lọ́wọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ẹnikẹ́ni má ṣí pọ́ọ̀tù 3389 sílẹ̀ sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì. Tọ̀sán-tòru làwọn olè ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àlébù kan lára ilẹ̀kùn yìí tí wọ́n ń pè ní BlueKeep léwu débi pé Microsoft ṣe àtúnṣe fún Windows XP pàápàá, tí wọ́n ti pa tì tipẹ́. WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, tàbí kí wọ́n lo SSH tunnel, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ mìíràn tó wà nínú Remmina fúnra rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, Sign out ni kí wọ́n tẹ̀ nínú Windows lọ́hùn-ún. Títi fèrèsé Remmina nìkan kò pa ohun tó wà ní ṣíṣí. Bó bá jẹ́ Shut down ni wọ́n tẹ̀ nírọ̀lẹ́ Friday, ẹ̀rọ Ìkẹjà ti kú nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa tàn án títí di àárọ̀ Monday.