Gekkeikan (ilé-iṣẹ́ ìpọntí)

Gekkeikan jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pọn sake, ọtí ìrẹsì àwọn ará Japan. Fushimi, ní gúúsù Kyoto, ló wà. Okura Jiemon ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1637, lẹ́yìn tó kúrò ní Kasagi, ó sì pe ilé ìtajà rẹ̀ ní Kasagiya. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni Fushimi fi lókìkí. Èròjà ilẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti omi Nada, ìlú apọntí mìíràn nítòsí Kobe, nítorí náà ọtí ibẹ̀ máa ń rọ̀ lẹ́nu ju ti Nada lọ. Nígbà ogun Toba-Fushimi ní oṣù kìíní ọdún 1868, iná jó ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n Kasagiya yè é.

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn apọntí. Bí wọ́n bá kórè tán tí òtútù sì dé, wọn á wá máa gbé ní ilé ìpọntí lábẹ́ ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní toji. Òtútù ni kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́.

Wọ́n á kọ́kọ́ bó ara ìrẹsì, torí ọ̀rá àti purotéènì tó wà níbẹ̀ máa ń ba adùn ọtí jẹ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sì fi ooru omi sè é. Koji, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n jẹ́ kí ohun funfun hù sí lára, ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ máa ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí ṣúgà lè jáde. Ìrẹsì tí wọ́n ti bó kò lè hù mọ́. Nínú yàrá tó móoru, wọ́n á wọ́n Aspergillus oryzae, irú ohun tó ń hù funfun lórí oúnjẹ tó bu, sórí ìrẹsì sísè, wọ́n á sì máa fọwọ́ rò ó fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Òun ló ń sọ ìrẹsì di ṣúgà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pèsè ìwúkàrà, tí wọ́n á wá da ìrẹsì, koji àti omi lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nínú àgbá kan náà ni ṣúgà ti ń jáde tí ìwúkàrà sì ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí agbára ọtí náà fi lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ṣọ̀wọ́n fún ọtí tí wọn kò sè kí wọ́n gba oru rẹ̀ bíi ti ògógóró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á fún un, wọ́n á sì mú un gbóná díẹ̀ kó má baà kan. Àwọn ará Japan ti ń ṣe èyí ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọgbọ́n yìí.

Okura Tsunekichi, ìran kọkànlá, jogún iṣẹ́ náà lọ́dún 1886. Ọmọ ọdún 13 péré ni. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ Gekkeikan lọ́dún 1905, ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ lọ́dún 1909, nígbà tó sì di 1911 wọ́n ti ń ta sake inú ìgò tí kò ní kẹ́míkà amóúnjẹ-pẹ́. Àṣeyọrí yìí ló ju gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1961 ni wọ́n kọ́ ilé ìpọntí tó ń ṣiṣẹ́ yípo ọdún, kò sì pọn dandan mọ́ kí wọ́n dúró de òtútù. Ilé ìpọntí wọn ní Folsom, California, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989.